Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ: Ẹ̀kọ́ Lórí Àjọṣe Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìlera

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kan àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ agbẹ̀bí, iṣẹ́ apòògùn àti iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láàárín wa. Ó kan ẹni tí ń kọ́ ìṣirò owó àti ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ pẹ̀lú, nítorí kò sí ẹni tí kò ní gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kan, tàbí kí wọ́n gbé òun fúnra rẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèǹgbè. Gbogbo wa la mọ òwe yìí láti kékeré. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni pé: kí ló dé tí ọwọ́ méjèèjì fi máa ń kùnà láti pàdé nílé ìwòsàn, níbi tí ẹ̀mí ènìyàn wà lórí ìwọ̀n? Lójú tiwa, ìmọ̀ kì í sábà wọ́n níbẹ̀. Ohun tí ó máa ń wọ́n ni kí ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu ẹni tí ó rí nǹkan, kí ó dé etí ẹni tí ó lágbára láti ṣe nǹkan.

1. Àwọn wo ni òṣìṣẹ́ ìlera?

Bí a bá dárúkọ ilé ìwòsàn, dókítà ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń lọ bá. Ṣùgbọ́n igi kan kì í dá igbó ṣe. Kí aláìsàn tó rí dókítà, ó ti bá ọlọ́dẹ pàdé lẹ́nu ọ̀nà, ó ti bá akọ̀wé tí ń wá káàdì sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì sì ti wọn ìfúnpá rẹ̀. Lẹ́yìn dókítà, ó tún ku àwọn tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò, àwọn tí ń ya àwòrán egungun, apòògùn, ẹni tí ń se oúnjẹ, agbálẹ̀ àti awakọ̀ tí ń gbé aláìsàn láti ibì kan dé ibòmíràn.

Ní Kàdúná níbí, ilé ìwòsàn ńlá tí ń jẹ́ Barau Dikko ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kàdúná fi ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní iṣẹ́ ìṣègùn. Orúkọ Dókítà Russell Aliyu Barau Dikko ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọdún 1912 ni wọ́n bí ọkùnrin yìí, ní 1940 ó sì di ọmọ Àríwá Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gboyè dókítà oníṣègùn òyìnbó. Orúkọ dókítà kan ṣoṣo ló wà lára pátákó, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ inú ọgbà náà ní òwúrọ̀ kan yóò rí i pé àìmọye iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń mú kí ilé náà dúró.

2. Àpẹẹrẹ kan fún ẹ̀kọ́

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo àpẹẹrẹ yìí. Kì í ṣe ìtàn ilé ìwòsàn kankan. A gbé e kalẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ni.

Obìnrin kan bímọ ní agogo méjì òru, tìyá tọmọ sì wà ní àlàáfíà. Ní agogo mẹ́ta, ìyá agbálẹ̀ wọlé wá nu ilẹ̀. Ó rí i pé aṣọ tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ ìyá ìkókó ti rin gbingbin fún ẹ̀jẹ̀. Ó wí lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Ta ni èmi tí n ó máa kọ́ nọ́ọ̀sì níṣẹ́?" Ó nu ilẹ̀, ó jáde. Láìpẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan wọn ìfúnpá obìnrin náà, ó rí i pé ó ti lọ sílẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì dákẹ́, nítorí sísítà àgbà ti jágbe mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí sísítà fúnra rẹ̀ rí ìwé náà, ó fẹ́ pe dókítà, ṣùgbọ́n ó rántí pé dókítà yìí a máa fi ìbínú dá ẹni tí ó bá jí i lóhùn. Ó ní kí àwọn ṣì máa wò ó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Nígbà tí dókítà dé, ó bèèrè ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ní wọn kò kọ ìwé ìbéèrè dáadáa, dókítà ní kí ó má fi ìwé dá òun dúró, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lé ara wọn lórí.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ kà wọ́n wò. Ènìyàn mẹ́ta ti mọ̀ pé nǹkan ń bàjẹ́ kí dókítà tó dé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jẹ́ òpè, kò sì sí èyí tí ó fẹ́ kí obìnrin náà kú. Àwọn onímọ̀ ìlera ti ń kọ́ni tipẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tí ń dà lẹ́yìn ìbímọ lè pa obìnrin tí ara rẹ̀ le kokoko láàárín wákàtí méjì bí a kò bá tètè ṣe ìtọ́jú rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ìbẹ̀rù àti ìtìjú ni ó jẹ wákàtí méjèèjì náà tán.

3. Ohun tí àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ sọ

Ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ẹ̀dá kì í wo àrùn nìkan. Ó ń wo ipò tí olúkúlùkù wà nígbà tí àrùn bá dé. Ní 1951, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Talcott Parsons, ṣàlàyé pé àìsàn ní ipò tirẹ̀ láwùjọ. A máa ń yọ̀ǹda aláìsàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, a kì í sì í bá a wí pé òun ló fọwọ́ fa àìsàn náà. Ṣùgbọ́n a ń retí pé kí ó fẹ́ kí ara òun yá, kí ó sì gba ìmọ̀ràn ẹni tí ó mọ̀ nípa ìtọ́jú. Ní 1970, Eliot Freidson ní tirẹ̀ kọ̀wé nípa agbára tí iṣẹ́ dókítà ní lórí àwọn iṣẹ́ yòókù: dókítà ni ó ń pinnu, àwọn tó kù ń tẹ̀ lé e.

Èyí tí ó wù wá jù ni àròkọ tí Leonard Stein, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1967. Ó ṣàkíyèsí pé eré kan wà tí dókítà àti nọ́ọ̀sì jọ ń ṣe. Nọ́ọ̀sì mọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ bí ẹni ń dámọ̀ràn. Yóò pọ́n ọn sínú ewé títí dókítà yóò fi rí i, tí yóò sì wí i jáde bí ẹni pé òun ló ronú kàn án. Bí nọ́ọ̀sì bá mọ eré náà ṣe, àárín wọn á dùn. Bí ó bá sọ ojú abẹ níkòó, wọ́n á ní aláfojúdi ni.

Ta ni kò mọ irú eré yìí nílé Yorùbá? Bí baba bá ṣìnà nínú ọ̀rọ̀, ọmọ tí a kọ́ dáadáa kì í sọ pé, "Ẹ ṣì í." Yóò ní, "Baba, bóyá etí mi ni kò gbọ́ ọ dáadáa." Ọgbọ́n ńlá ni, a kò sì ní kí a sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n eré gba àkókò, ẹ̀jẹ̀ tí ń dà kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera mọ ìgbà tí òwe tó, kí ó sì mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ jáde ní gbangba.

4. Nígbà tí erin méjì bá ń jà

Ní orílẹ̀-èdè wa, aáwọ̀ àárín àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti kọjá ọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù kan. Òfin kan tí ìjọba ológun ṣe ní 1985, Decree 10, sọ pé ẹni tí yóò ṣe olórí ilé ìwòsàn tí a fi ń kọ́ni gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Látìgbà náà ni àwọn nọ́ọ̀sì, apòògùn, àwọn onímọ̀ àyẹ̀wò àti àwọn mìíràn ti ń bèèrè pé kí ló dé tí ipò náà kò fi lè kan àwọn. Àwọn dókítà ní tiwọn ń sọ pé ẹni tí ẹrù ẹ̀mí aláìsàn wà lọ́rùn rẹ̀ ni ó yẹ kí ó jẹ́ olórí.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 2014, ẹgbẹ́ àwọn dókítà, NMA, da iṣẹ́ sílẹ̀. Lára ohun tí wọ́n ń jà fún ni pé kí a má ṣe fi oyè kọ́ńsọ́táǹtì fún àwọn tí kì í ṣe dókítà. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹjọ ni wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní 2018 ó kan ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yòókù, JOHESU: wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹrin, ó sì di ìparí oṣù karùn-ún kí wọ́n tó padà, lórí ọ̀rọ̀ owó oṣù tí wọ́n fẹ́ kí ó súnmọ́ ti dókítà.

A kò jókòó láti dá ẹjọ́ yìí. Ìhà kọ̀ọ̀kan ní àwíjàre tirẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé bí erin méjì bá ń jà, koríko ibẹ̀ ni í jìyà. Aláìsàn tí ó dé ẹnu ọ̀nà tí ó bá a ní títì kò mọ Decree 10.

5. Ẹ̀kọ́ Èbólà ní Èkó

Inú ìyanṣẹ́lódì 2014 yìí gan-an ni àrùn Èbólà wọ Nàìjíríà. Ní ogúnjọ́ oṣù keje, Patrick Sawyer bọ́ sílẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú Èkó láti Làìbéríà, ara rẹ̀ kò sì yá. Àwọn dókítà ìjọba kò sí lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ọbáléńdé, First Consultants, ni wọ́n gbé e lọ. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fura sí àìsàn rẹ̀, wọ́n sì kọ̀ láti jẹ́ kí ó jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń fúngun mọ́ wọn pé kí wọ́n tú u sílẹ̀.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe pín. Dókítà fura. Àwọn onímọ̀ àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Àwọn tí wọ́n ti kọ́ bí a ti ń lé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni wọ́n pè láti darí ètò, Dókítà Faisal Shuaib sì ni aṣáájú wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ kan ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti bẹ àwọn tí ó ti fara kan aláìsàn wò: ènìyàn 894 ni wọ́n tọ́ka sí, ìbẹ̀wò ojúkojú sì tó bí 18,500. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 kú nínú wọn. Dókítà Adadevoh kú ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ. Nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù wà nínú àwọn tí ó bá a lọ. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Èbólà ti kúrò ní Nàìjíríà.

Àrùn náà kò bèèrè oyè lọ́wọ́ ẹni tí ó pa. Àwọn tí ó ṣẹ́gun rẹ̀ náà kò fi oyè ṣe odi láàárín ara wọn: bí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn ojúlé bá gbé ìròyìn wá pé ara ẹnì kan gbóná, ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ olórí ètò kíákíá.

6. Ní Kàdúná, èdè wà nínú ìtọ́jú

Èyí tí ó kàn wá jù nìyí, àwa tí ìwé kíkà tàbí iṣẹ́ òbí gbé dé ìlú yìí. Háúsá ni ọ̀pọ̀ aláìsàn fi ń sọ ìrora wọn. Ìyá ìkókó tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè lè máa wí pé "jiri", òòyì ń kọ́ òun. Ó sì lè máa wí pé "jini", ẹ̀jẹ̀. Létí ẹni tí kò gbọ́ èdè, ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra, àmì ewu sì ni méjèèjì. Ìyá agbálẹ̀ lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọ́ọ̀dù náà tí ó gbọ́ ọ ní àgbọ́yé. Ṣé ẹ rí i pé ìmọ̀ rẹ̀ kì í ṣe kékeré?

Nítorí náà, ẹ kọ́ Háúsá. Ẹ má ṣe dúró sí orí "Sannu" nìkan. Ẹ mọ̀ ọ́n bèèrè pé "Yaya jiki?", ìyẹn ni pé báwo ni ara. Ẹ mọ̀ pé "Da sauƙi" tí aláìsàn fi dáhùn lè jẹ́ ìwà ọmọlúwàbí lásán, bí Yorùbá ṣe ń sọ pé "A dúpẹ́" nígbà tí ara kò tíì yá. Ẹ tún bèèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ ìfọkàntán. Lẹ́yìn rògbòdìyàn oṣù kejì 2000, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Kàdúná kó lọ sí àdúgbò tí àwọn ẹlẹ́sìn wọn pọ̀ sí, tí odò Kàdúná fi wá dà bí ààlà. Ilé ìwòsàn wà lára àwọn ibi tí ìhà méjèèjì ṣì ti ń pàdé. Bí nọ́ọ̀sì láti Kakuri àti onímọ̀ àyẹ̀wò láti Tudun Wada bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àwọn mọ̀lẹ́bí tí ó dúró ti aláìsàn ń wò wọ́n.

Ẹ má sì gbàgbé mọ̀lẹ́bí wọ̀nyí. Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, fi èyí hàn ní Àrò láti 1954. Ó fi àwọn alárùn ọpọlọ wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tí ó wà ní àyíká ilé ìwòsàn, pẹ̀lú ìbátan kan tí yóò máa tọ́jú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ìbátan mọ ìṣe aláìsàn kí àìsàn tó dé, dókítà kò sì mọ ìyẹn.

7. Bí a ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ àgbà

Ọ̀nà kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lò káàkiri ayé báyìí láti pe ẹni tí ó ju wọ́n lọ. Ìbéèrè mẹ́rin ni a ń dáhùn tẹ̀ léra: Kí ló ń ṣẹlẹ̀? Kí ló ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn? Kí ni mo rò pé ó jẹ́? Kí ni mo fẹ́ kí a ṣe? Bí sísítà inú àpẹẹrẹ wa bá lò ó, yóò wí báyìí:

"Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má bínú pé mo jí yín. Èmi sísítà wọ́ọ̀dù ìbímọ ni. Ìyá ìkókó kan ń ṣẹ̀jẹ̀ gidigidi, ìfúnpá rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. Agogo méjì ni ó bímọ. Mo rò pé ilé ọmọ rẹ̀ kò sún kì. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Mo fẹ́ kí ẹ máa bọ̀ nísinsìnyí."

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀wọ̀ kò sọ nù níbẹ̀. "Sà" wà níbẹ̀, "ẹ jọ̀wọ́" wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a fi pamọ́, ìṣẹ́jú kan kò sì tíì pé.

Ohun kejì ni kí a mọ orúkọ ara wa. Ní 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé kan jáde tí ó ní nǹkan 19 tí a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò nígbà iṣẹ́ abẹ. Ọ̀kan nínú wọn ni pé kí gbogbo ẹni tí ó wà ní yàrá náà dárúkọ ara rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ kí abẹ tó kan ara. Wọ́n dán an wò ní ìlú mẹ́jọ, títí kan Ifakara ní Tanzania. Nínú ẹgbẹ̀rún aláìsàn, àwọn tí ń kú jẹ́ 15 tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìwé náà, ó di 8. Àwọn nǹkan mìíràn wà nínú ìwé náà tí ó ṣe ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí a ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í bẹ̀rù láti tún sọ̀rọ̀.

Ohun kẹta ni kí ẹni tí ó gba àṣẹ tún un sọ padà. Bí dókítà bá sọ ìwọ̀n oògùn lórí fóònù, kí nọ́ọ̀sì kà á padà sí i létí. Bí ìwọ̀n náà bá rú apòògùn lójú, kí ó bèèrè kí ó tó fi oògùn sílẹ̀.

8. Ojúṣe àgbà

Kí àwa kékeré má ṣe ru gbogbo ẹrù náà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọdé kò lè sọ̀rọ̀ níbi tí àgbà bá ti fi ìbínú di ọ̀nà. Dókítà tí ń jágbe ń fi owó ara rẹ̀ ra ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ọjọ́ kan ni yóò sì mọ iye tí ó rà á. Àgbà tí ó gbọ́n a máa bèèrè pé, "Kí ni ẹ rí tí n kò rí?" Bí ọmọdé bá sì pè é lóru tí ọ̀ràn náà kò tó nǹkan, yóò ní, "O ṣeun tí o pè mí." Ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni yóò mú kí ọmọ náà tún pè lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá tó nǹkan.

Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò di sísítà, olórí apòògùn àti dókítà àgbà lọ́jọ́ iwájú. Kí a má ṣe gbàgbé bí ọkàn wa ṣe ń lù kìkì nígbà tí a jẹ́ kékeré.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa

(a) Nínú àpẹẹrẹ ìyá ìkókó, ta ni ì bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí sì ni ì bá sọ? Ẹ fi ìbéèrè mẹ́rin inú apá keje dáhùn.

(b) Báwo ni a ṣe lè sọ fún àgbà pé ó ṣì í, láìjẹ́ pé a tàbùkù rẹ̀, láìsì jẹ́ pé àkókò lọ?

(d) Ẹ kọ ọ̀rọ̀ Háúsá mẹ́wàá sílẹ̀ tí aláìsàn fi ń sọ ìrora, kí ẹ sì kọ́ ẹnì kan tí kò gbọ́ Háúsá nínú ẹgbẹ́ wa.